Ìjàpá, Òkété àti Ìwúkàrà Tó Ń Po Oògùn Ibà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó balẹ̀ lórí Òkété, ó wá lọ jókòó lé Ìwúkàrà lórí. Ìbátan olú ni Ìwúkàrà, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

Ní ayé àtijọ́, ibà dá gbogbo ẹranko dùbúlẹ̀. Ewé kan wà tó kápá ibà náà, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao. Àtijọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà o: àwọn ọdún 1970 ni Tu Youyou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fa oògùn jáde lára ewé ọ̀hún, 2015 ni wọ́n tó fún un lẹ́bùn Nobel. Ara oògùn yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe Coartem tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì.

Ìdílé Òkété ló ń gbin ewé náà, àwọn kan ní Ṣáínà, àwọn kan ní Vietnam, àwọn kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Bí ewé bá wọ́n lọ́dún yìí, gbogbo wọn á pa àgbàdo tì, ewé ni wọ́n ó máa gbìn. Tó bá di àmọ́dún, ewé á kún ọjà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀, wọ́n á tún sáré padà sídìí àgbàdo, ewé á sì tún wọ́n. Ibà ní tiẹ̀ kì í dúró de ìkórè.

Ìjàpá gbọ́rọ̀ yìí, ó tọ Erin olówó lọ. Alágbàtà ni Ìjàpá o, kì í ṣe onímọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Àwọn Òkété wọ̀nyí ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ dáwó, n ó wá ẹni tí yóò máa po oògùn ibà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tí kò ní í bèèrè ilẹ̀."

"Ta ni?"

"Ìwúkàrà ni."

"Ìwúkàrà ọlọ́tí?" Erin rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yọwó. Àjọ Bill àti Melinda Gates náà yọ ọ́ ní 2004, mílíọ̀nù dọ́là 42.6, kí Jay Keasling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà lè kọ́ ìwúkàrà níṣẹ́.

Ìjàpá bá Ìwúkàrà nínú kèrègbè ẹmu, níbi tó ti ń hó ṣùù.

"Ìwúkàrà, iṣẹ́ dé."

"Iṣẹ́ wo? Mo ń jẹ ṣúgà, mo ń yọ ọtí, mo ń mú búrẹ́dì wú. Kí ló tún kù?"

"Oògùn ibà."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ìdílé wa."

"A ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìdílé yín."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n mú àbùdá tí ewé fi ń ṣe oògùn, wọ́n kì í sínú Ìwúkàrà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tún tirẹ̀ ṣe, kó má bàa fi gbogbo ṣúgà ṣòfò sórí nǹkan mìíràn. Gbogbo ọmọ tó bí lẹ́yìn náà bá iṣẹ́ oògùn nílé. Ṣùgbọ́n wọn ò yára. Ìjàpá bá gbé agbádá sọ́rùn, ó ń lé orin sí wọn lẹ́nu àgbá:

Ìwúkàrà ọmọ ọlọ́tí,
*Wú o, ìwú!*
Má pọnmi ẹmu mọ́, oògùn ni kó o pò,
*Wú o, ìwú!*
Ṣúgà lo ó jẹ, ìkorò lo ó yọ,
*Wú o, ìwú!*
Òkété ń gbọ́, àyà rẹ̀ ń já,
*Wú o, ìwú!*

Ìwúkàrà wú lóòótọ́. Ní 2006, wọ́n kéde pé ó ti ń yọ omi-kíkan tí oògùn ti ń wá. Nígbà tó fi di 2013, gíráàmù 25 ló ń yọ nínú lítà kan ṣoṣo. Kò tíì di oògùn nígbà náà. Ní Garessio ní Ítálì, ilé-iṣẹ́ Sanofi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí omi-kíkan náà kó tó di oògùn. Wọ́n ní ibẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù 50 sí 60 lọ́dún. Ìjàpá lùlù, ó pe oníròyìn, ó jó yí ìlú ká.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìjàpá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó to ìgò sí i. Òkété jókòó sórí àpò ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ẹtu tó ń ṣe oògùn oníhóró dé.

"Èló ni kílò oògùn?"

"Dọ́là 350 sí 400," Ìjàpá dáhùn, "n ò jèrè kọ́bọ̀ lórí ẹ̀."

"Ìyá Òkété, tiyín ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá fa oògùn jáde lára ewé mi, kílò rẹ̀ kò tó 250, ọmọ mi. Ewé ti pọ̀ jù. Ẹ ṣáà bá mi gbé e."

Ẹtu gbé ti Òkété, kò tún wo ẹ̀yìn. Yánníbo fa ọkọ rẹ̀ láṣọ: "Baálé mi, ẹ ò bèèrè iye tí wọ́n ń ta ewé kẹ́ ẹ tó gbowó Bàbá Erin?"

"Ìmọ̀ là ń sọ, ìwọ ń sọ ọjà."

Ní 2015, Garessio kò fi ìwúkàrà ṣe gíráàmù oògùn yìí kan. Sanofi ta ilé-iṣẹ́ náà fún Huvepharma ti Bùlgéríà. Ẹ má dá Ìwúkàrà lẹ́bi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ẹ má sì kí Òkété kú oríire: owó tó gbà kò tó owó oko, ọmọ rẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀ nílé kò rówó ra oògùn tí ìyá rẹ̀ gbin ewé ẹ̀. Inú àgbá gbígbẹ ni Ìwúkàrà ti ń dá orin kọ:

Mo kọ́ṣẹ́ ewé, mo mọ̀ ọ́n,
*Wú o, ìwú!*
Ṣúgà ò dé mọ́, ọlọ́jà ò yà,
*Wú o, ìwú!*

Ìjàpá kò sùn. Ilé-iṣẹ́ Amyris, tó wà lára àwọn tó kọ́ ìwúkàrà níṣẹ́ oògùn ibà, ti ń fi ìwúkàrà tirẹ̀ àti ṣúgà ìrèké Brazil ṣe òróró ìpara ojú. Ìjàpá náà bu ìpara sínú ìgò kékeré, ó gbé e lọ sílé Ẹkùn. Ìyàwó Ẹkùn fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo jígí.

"Èló ni?"

Ìjàpá wo ilé, ó wo àga, ó wo ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó wá dá iye kan tó ba òun alára lẹ́rù.

Ìyàwó Ẹkùn kò ná an rárá.