Ìró H àti Kenkey Mẹ́jọ ní Makola

Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, hate, tí í ṣe kí a kórìíra nǹkan, wà lára èyí tí ó ń kó Yorùbá sí yọ́ọ́yọ́ọ́, kì í sì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó ṣòro bí kò ṣe ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èdè Yorùbá ní ìró h, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú ahọ́n àti ihò, síbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ Yorùbá bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìró náà máa ń sá kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, yóò sì lọ jókòó níbi tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí. Èyí kejì yìí ni a lè pè ní àtúnṣe àṣerégèé, ìyẹn ni pé ẹni tí ó mọ̀ pé òun a máa gbàgbé ìró kan yóò kúkú máa fi í kún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá bá pàdé. Àwọn Cockney ìhà ìlà-oòrùn London náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Accra, olú-ìlú Ghana. Bí eight, tí í ṣe mẹ́jọ, àti ate, tí a fi ń sọ pé a ti jẹun, ṣe ń di hate nìyẹn.

Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Accra. Alata ni àwọn Ga, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè wọ́n, Lagos Town sì ni orúkọ àtijọ́ àdúgbò tí a mọ̀ sí Accra New Town lónìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba Kofi Busia ní Ghana ti pàṣẹ ní 18 Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ìkórìíra kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí Alata máa fọ́n ká inú ọjà.

Òun gan-an ni òǹkọ̀wé yìí fọ́n ká ọjà Makola, nígbà tí ó lọ ra kenkey, àgbàdo kíkan tí a fi hárihá wé, tí a sè, tí a sì ń fi ata àti ẹja díndín jẹ. Mẹ́jọ ni ó fẹ́. "Auntie, hate," ni ó wí. Ìyá náà wo kenkey rẹ̀, ó wo oníbàárà, ó sì béèrè ohun tí kenkey ṣe fún un. Òǹkọ̀wé náà, tí ó fẹ́ fi ìyìn tún ọ̀rọ̀ ṣe, wá sọ bí òun ti jẹ nínú rẹ̀ lánàá tó: "Please, I hate your kenkey yesterday, I and my children." Ẹni tí ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa. Níwọ̀n bí owó àti ẹja ti gba ọwọ́ ọ̀tún, òsì ni òǹkọ̀wé náà nà, ìka márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́ta, sí ojú àgbàlagbà, ohun tí Ga kò gbà, tí Yorùbá pàápàá kò gbà. Ìyá náà sọ gbólóhùn kan ní èdè Ga tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀, gbogbo ìsọ̀ tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ó sì di kenkey márùn-ún fún un.

Òǹkọ̀wé yìí kò dẹ́kun àtijẹ kenkey, ṣùgbọ́n méje ni ó ń rà, tàbí mẹ́sàn-án bí àlejò bá wà nílé.