Ta Ló Jí Ẹja Bọ̀dá Òkè?

Ẹ sún mọ́ ibí, ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, ògiri ilé wa yìí létí. Mi ò kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó bá ní èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ọlọ́run ló máa bi í. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ń kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà mi, ṣé kí n má kí i ni?

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Òkè àti ẹja rẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tíì gbéyàwó, tí ìyá rẹ̀ máa ń wá láti Ọ̀yọ́ wá ká ọwọ́ lérí. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Dípò kó gbé ìyàwó wálé, àpótí gíláàsì ló gbé dé. Ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀, ó bu omi kún un, ó gbin koríko inú omi, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní gọ́pì sí i, ó wá tan iná funfun kan lé gbogbo rẹ̀ lórí. Oríṣi koríko mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Vallisneria, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn dé òkè omi. Èkejì ń jẹ́ Hygrophila, igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ojú oró ni, tó léfòó sókè. Ó ní ọ̀nà Ẹpẹ́ lòun ti bù ú wá, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà náà, kò sí wàhálà. Iná kì í wà, koríko náà kì í dàgbà. Àfi ìgbà tí àdúgbò wa bọ́ sí Báǹdì A. Ẹ rántí 2024, ní oṣù kẹrin, tí wọ́n gbé owó iná àwọn ará Báǹdì A gòkè, tí wọ́n ní ó kéré tán, iná yóò máa wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Bàbá Onílé sunkún nítorí owó. Èmi jó nítorí fíríìjì mi. Ìyá Ìbejì ra áyọ́ọ̀nù tuntun, ó fi jó búláòsì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí òde, títí di òní kò san án. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé, àwọn tí inú wọn dùn jù lọ ni koríko Bọ̀dá Òkè, nítorí Bọ̀dá kì í pa iná orí gíláàsì yẹn. Ìjọba ló ń bá a pa á tẹ́lẹ̀.

Koríko wá gbéra. Iná ló fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀, iná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà tọ̀sán tòru. Ajílẹ̀ wà, nítorí ìgbẹ́ ẹja ni, àti búrẹ́dì tí àwọn ọmọ Bàbá Tírì ń jù sínú omi bí wọ́n bá lọ wo tẹlifíṣọ̀n ní yàrá Bọ̀dá. Vallisneria ń na okùn lábẹ́ yanrìn, ọmọ ń yọ lórí okùn, ọmọ náà tún ń na okùn tirẹ̀. Hygrophila ta jáde lójú omi. Ojú oró bí títí kò fi sí ibi tí omi ti lè rí ọ̀run. Àpótí náà wá rí bí orí dàda tí òòyà ò kàn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Bọ̀dá Òkè sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹja òun ti tán. Ó kọ́kọ́ wo ológbò Ìyá Ìbejì. Ológbò náà wò ó padà, kò mi. Ó wo àwọn ọmọ Bàbá Tírì, wọ́n ní búrẹ́dì nìkan làwọn mọ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí Ìyá Tàwá, ẹlẹ́ja díndín. Kò bú u o, ẹ má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó kàn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìyá Tàwá, níbo lẹ ti ń ra ẹja yín?”

Háà! Ìyá Tàwá sọ ṣíbí sílẹ̀. “Èmi? Ẹja tí kò tó eyín mi? Kí ni n óò fi yí i padà nínú epo, abẹ́rẹ́? Ta ni n óò tà á fún, èèrà?” Gbogbo ilé jáde. Èmi náà jáde, nítorí àlàáfíà.

Ọlọ́run ló ní kí àbúrò Bọ̀dá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ nípa ewéko ní Yunifásítì Èkó, wá kí i lọ́sẹ̀ náà. Ìdájí ló jí lọ wo gíláàsì, ó sì rí ẹja kan tàbí méjì tí wọ́n ń yanu lójú omi ní igun kan. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja yín ò lọ síbì kankan. Èémí ló ń wọ́n wọn.” Ó ní bí iná bá wà, koríko ń fún omi ní ọ́síjìn. Bí ó bá ṣókùnkùn, koríko náà ń bá ẹja jẹ ọ́síjìn kan náà ni, bí ojú oró bá sì bo omi tán, afẹ́fẹ́ òde ò ní rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Abẹ́ ojú oró náà gan-an sì ti ṣókùnkùn: bí iná bá tún lọ lóru, ìsàlẹ̀ gíláàsì yẹn kò rí ìmọ́lẹ̀ títí oòrùn yóò fi là. Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, ó ń já, ó ń jẹrà.

Ó tún sọ fún wa pé ní 1850, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington, kó ẹja góòlù àti Vallisneria yìí kan náà sínú omi. Ewé tó gbó ń jẹrà, omi ń dàrú, ó wá kó ìgbín omi sí i kí wọ́n máa jẹ ewé náà, omi sì mọ́. Mo bi í bóyá òyìnbó náà jẹ àwọn ìgbín yẹn níkẹyìn. Kò dá mi lóhùn. Ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì.

Bọ̀dá ti ká apá aṣọ sókè pé òun máa fa gbogbo rẹ̀ tu. Ọmọbìnrin náà gbá a lọ́wọ́ mú. “Ẹ má tu ú tán! Ìgbẹ́ ẹja ló di ewé yìí. Bí ẹ bá gé ewé, ìdọ̀tí lẹ gbé jáde kúrò nínú omi. Bí ẹ bá tu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sẹ́ni tí yóò jẹ ìdọ̀tí náà mọ́, omi á di ọbẹ̀ ewédú fún yín.” Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó kó ojú oró títí ó fi ku díẹ̀ ní igun kan. Ó gé Hygrophila láàárín, ó gbin orí rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ padà, ó sọ ìdí tó ti gbó nù. Ó fa àwọn ọmọ Vallisneria tó ti ṣáko, ó fi ìyá wọn sílẹ̀. Ó pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà. Ó ní kí iná máa tàn fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ péré, kí wọ́n ra tàímà, kí wọ́n dín oúnjẹ ẹja kù, kí sísọ́ọ̀sì sì máa wọ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí igbó ṣe ṣí ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá ẹja, ìyá ẹja, àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹnìkan ò lè kà! Gọ́pì kì í yé ẹyin, ọmọ ààyè ló ń bí, nǹkan bí oṣù kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì ń jẹ àwọn ọmọ ọ̀hún bí kò bá sí koríko tí wọ́n lè sá sí. A ní wọ́n jí ẹja, ẹja ń ṣe ìkómọ.

Àwọn ọmọ Bàbá Tírì ti gbé báàkẹ́tì koríko, wọ́n fẹ́ lọ dà á sí gọ́tà. Ọmọbìnrin náà pariwo. Ó ní gọ́tà wa, ọ̀sà ló ń lọ. Èyí yé mi, nítorí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi apẹja ni ní Badagry. Ní 1984 ni koríko olódòdó àlùkò kan, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gba ojú omi wọ Badagry. Títí di òní, bí òjò bá dé, tí omi odò bá pọ̀, á bo ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ò ní rí ọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi iyọ̀ bá wọlé ló ń pa á. Nítorí náà, orí páànù la sá koríko Bọ̀dá sí títí ó fi gbẹ, mo sì kó o sídìí ẹ̀fọ́ mi. Ẹ wo bí tẹ̀tẹ̀ mi ṣe rí, ẹ má fi ojú burúkú wò ó.

Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Tàwá. Ìyá Tàwá ní òun ò gbọ́, àfi bí ó bá fi ẹja bẹ òun. Ní báyìí, agbada kan wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, gọ́pì àti ojú oró ló wà nínú rẹ̀, ẹja ọ̀hún ń jẹ ìdin ẹ̀fọn, Ìyá Tàwá sì ń dín ojú oró kù ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó gbé epo kaná. Oníbàárà kan ti bi í pé èló ni ti inú agbada. Èébú tó bú u, mi ò lè tún un sọ níwájú ọmọdé.

Bàbá Onílé sì ti rí agbada náà o. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ fi owó ẹja kún owó ilé. Ẹ dúró dè mí, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ nísàlẹ̀ yẹn.