Bọ̀dá Ǹ-Bá-Ti

Bí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ta gèémù tó le, ẹ má wulẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Á wá fúnra rẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé òórùn àgbàdo sísun ti gba inú ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ń mí sí yín létí, ìka kan á gba èjìká yín kọjá, á lọ tẹ ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. "Há! O mú ìyẹn? Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ ni tèmi."

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, Bọ̀dá Ǹ-Bá-Ti là ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ọmọ tí wọ́n sì kọ́ nílé kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n pé "ẹ dákẹ́." Ohun tí mo máa ń sọ ni "ẹ ṣeun, sà." Ó máa ń rò pé mò ń dúpẹ́ ni.

Ìran rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lábẹ́ igi tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, àwọn bàbá ń tayò láràárọ̀. Èèyàn méjì ní ń fi ọwọ́ ta á, àwọn mẹ́jọ yòókù ń fi ẹnu ta á. Ẹni tó mọ ayò dunjú ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá ni ọ̀pẹ̀. N kò tíì gbọ́ orúkọ tí wọ́n pe ẹni tó jẹ́ ọ̀ta nígbà tí ọmọ ayò wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó sì di ọ̀pẹ̀ nígbà tó bá kan ọwọ́ tirẹ̀. Irú wọn ni Bọ̀dá. Ó kàn sá oòrùn lábẹ́ igi ni, ó gbé iṣẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù.

Gèémù tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ni Slay the Spire. Àwọn méjì kan ní ìlú Seattle l'Amẹ́ríkà, Anthony Giovannetti àti Casey Yano, ló ṣe é. Wọ́n gbé e jáde fún àwọn tó fẹ́ bá wọn dán an wò ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹni tó bá mọ Whot ti mọ bí wọ́n ṣe ń di káàdì mú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìbátan wọn parí sí. Ilé gogoro kan ni ẹ óò gùn, ọ̀tá wà lórí àtẹ̀gùn, káàdì sì ni ohun ìjà. Ironclad, jagunjagun tí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀mí 80 àti káàdì mẹ́wàá péré: Strike márùn-ún fún lílù, Defend mẹ́rin fún ààbò, àti Bash kan ṣoṣo tó ń sọ ọ̀tá di ẹlẹgẹ́. Bó bá kàn yín, ẹ óò fa káàdì márùn-ún, wọ́n á fún yín ní agbára mẹ́ta láti ná. Bí ẹ bá borí, wọ́n á gbé káàdì tuntun mẹ́ta síwájú yín pé kí ẹ mú ọ̀kan, tàbí kí ẹ má mú nǹkan kan. Bí ẹ bá kú, ó parí. Ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ óò ti tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀, ọ̀tá ọ̀tọ̀, káàdì ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ̀ Rogue, gèémù ọdún 1980, ni wọ́n ti jogún ìwà ìkà yẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí wọ́n ti ní "tàbí kí ẹ má mú nǹkan kan." Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ń gbé. Òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí èmi náà kò lè jiyàn: bí káàdì yín bá ti pọ̀ jù, èyí tó dáa á sá pamọ́ sáàárín àwọn jákujàku, ẹ ó máa wá Bash nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀, Bash á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń sùn. Nítorí náà, bí mo bá mú káàdì kan, Bọ̀dá á pòṣé: "Ò ń kó ẹrù bí ẹni tó ń lọ Ṣàgámù! Ǹ bá ti fi í sílẹ̀." Mo wá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó pòṣé náà. "Irú káàdì yẹn? Ǹ bá ti mú un." Mo ní ṣùgbọ́n lánàá ẹ ní. Ó ní àná yàtọ̀ sí òní.

Mo gbà pé wọ́n yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkàn Bọ̀dá, kí ó bá a sọ̀rọ̀ nípa oríire. Gbogbo eré tí òun borí (kò sí ẹni tó ṣojú rẹ̀ nínú wa, ilé rẹ̀ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀, lóru) ọgbọ́n ló fi borí. Gbogbo eré tí òun pàdánù, gèémù ló ṣe ojúsàájú. Tiwa tún wá yí bírí: bí a bá borí, orí ló bá wa ṣe é, bí a bá kú, a gọ̀. Ohun tó mú kí ẹjọ́ ojúsàájú yẹn ṣòroó dá ni pé gèémù náà kò fi nǹkan púpọ̀ pamọ́. Lókè orí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi hàn yín ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é: idà nìyí, iye tó máa fi gún yín nìyí. Ọ̀tá wo ló tún ń ṣe irú oore yẹn fún èèyàn láyé? Onílé mi kò sọ fún mi ṣáájú kí ó tó fi owó lé owó ilé.

Ó ní èrò lórí ohun gbogbo. Watcher, obìnrin jagunjagun tí wọ́n fi kún un ní ọdún 2020, tó jẹ́ pé bí inú bá bí i, ìlù rẹ̀ á di ìlọ́po méjì: Bọ̀dá ní ẹni tó bá fi Watcher borí kò tíì borí. Snecko Eye, ojú ejò kan tó ń jẹ́ kí ẹ fa káàdì méjì lé márùn-ún, ṣùgbọ́n tó ń da iye owó orí káàdì kọ̀ọ̀kan rú, látorí òfo dé mẹ́ta, bó ṣe wù ú: Bọ̀dá ní ojo nìkan ní í sá fún un. Iná tó wà lójú ọ̀nà, níbi tí ẹ ti lè sinmi kí ẹ gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí yín padà, tàbí kí ẹ pọ́n káàdì kan kó mú sí i: ojo kan náà ní í sùn nídìí iná. Àbùùbùtán ńlá tó ń jẹ́ Neow, tó ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn ní ìbẹ̀rẹ̀, máa ń ní kí ẹ gbé ohun tí ẹ bá wá sílẹ̀ kí ẹ gba ohun ọ̀gá kan tí ẹ kò mọ̀. Ti Ironclad jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń dá ẹ̀mí mẹ́fà padà fún un lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, ohun rere gidi. Bọ̀dá ní kí n gbé e sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n gbé e sílẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé dúkìá ẹlòmíì ni ọkùnrin náà láyà sí.

Ó tún ní òun wà lórí Ascension 20. Àtẹ̀gùn ìnira ni Ascension, ogún ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ borí lórí ọ̀kan kí èyí tó tẹ̀lé e tó ṣí. Lórí ìkẹwàá, wọ́n á ju káàdì ègún kan tí kò ṣeé yọ sáàárín káàdì yín. Lórí ogún, ọ̀gá méjì ní í dúró de èèyàn ní ìparí àjà kẹta, níbi tí ẹyọ kan ti ń dúró de àwa mẹ̀kúnnù. A ní kó fi hàn wá. Fóònù tó wà nínú rẹ̀ ti bà jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ló ti sọ bẹ́ẹ̀ o, lójú irinṣẹ́, lójú ọmọ iṣẹ́ wa tó ti na ọwọ́ láti gbà á.

Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára, á ní àwọn tó ṣe gèémù náà gan-an kò mọ̀ ọ́n ta. Èyí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, àwọn ará Seattle yẹn ń gba àkọsílẹ̀ eré àwọn èèyàn jọ: káàdì tí wọ́n mú, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, ibi tí wọ́n kú sí. Òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dín agbára káàdì kan kù tàbí kí wọ́n fi kún òmíì. Wọ́n ka ohun tí ọwọ́ ṣe. Wọn kò ní ibi tí wọ́n ń kọ "ǹ bá" sí.

(Èmi náà kò mọ́ tónítóní. Bí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má jókòó tì mí.)

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá délẹ̀, Gremlin Nob ló pa mí. Ẹ̀dá sísanra kan ni, ní àjà kìíní, tó máa kọ́kọ́ bú ramúramù. Látìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta káàdì irú èyí tí wọ́n ń pè ní Skill, tí Defend náà sì wà lára wọn, agbára rẹ̀ á fi méjì lé. Ẹ mọ irú ọ̀gá tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń pọ́n tó. Mo dọ̀bálẹ̀ jù.

"Ǹ bá ti gba ọ̀nà apá òsì," ni Bọ̀dá wí lẹ́yìn mi. "Ǹ bá ti gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún Neow. Ǹ bá ti pọ́n Bash nídìí iná. Ìwọ lọ sùn!"

Bóyá oòrùn ni, bóyá ebi ni, n kò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Mo ní: "Bọ̀dá, ẹ wá jókòó. Irúgbìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Seed ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan ni, tí gbogbo ilé gogoro náà ti hù jáde. Bí ẹ bá gbin ọ̀kan náà, ọ̀nà kan náà lẹ óò rí, ẹ̀bùn kan náà, ọ̀tá kan náà. Kò ní sí orí, kò ní sí ojúsàájú. "Ǹ bá" á bọ́ sí gbangba.

Ó ní ìyàwó òun ń retí òun. Ọmọ iṣẹ́ wa ti gbé ìjókòó wá, ó ti gbé Malt tútù lé orí tábìlì. Àwọn bàbá méjì fi ayò sílẹ̀ wá wòran. Bọ̀dá jókòó.

Ó gbé ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbùùbùtán lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún un ni Snecko Eye. Ó rẹ́rìn-ín, ó wò wá yíká. Ní ìjà kìíní, Strike tó máa ń gba agbára kan di mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìjà kejì, Bash náà di mẹ́ta. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dá mẹ́fà padà mọ́. Ó dé ìdí iná pẹ̀lú ẹ̀mí 34. Gbogbo wa wò ó. Ó wo àwa náà. Ó pọ́n Bash.

Ó gba apá òsì. Ẹni tó dúró síbẹ̀ ni Gremlin Nob, nítorí irúgbìn ti pinnu alágbára tí ẹ óò kọ́kọ́ bá pàdé, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà. Nob bú ramúramù. Bọ̀dá fa káàdì méje. Àwọn tó lè fi lù ú wọ́n bí iyọ̀ ọdún ọ̀wọ́n. Defend mẹ́ta jẹ́ ọ̀fẹ́.

"Ẹ má ta á, sà," ni ọmọ iṣẹ́ wa sọ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀fẹ́ ni," ni Bọ̀dá wí, ó sì ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nob fi agbára mẹ́fà lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́ rárá.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wúkọ́. Bọ̀dá mu Malt rẹ̀ tán, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí ìjókòó náà po, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tó máa ń dúró sí. Ó ká ọwọ́ kọ́ àyà. Ó wo Ironclad tó na gbalaja lórí kọ̀ǹpútà, ó mi orí, ó na ìka kọjá ẹ̀yìn ìjókòó tó ṣófo.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹni tó ta eléyìí, ojú oorun ló wà. Ǹ bá ti sinmi nídìí iná."

Ọmọ iṣẹ́ wa wò mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."