Ọ̀gbẹ́ni Awáparọ́rọ́

Bí ẹ bá fẹ́ bú ọkùnrin yìí, ẹ pè é ní tùríìsì. Á fajú ro, á ki ìwé kékeré aláwọ dúdú tó ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí bọ abíyá, á wá fi sùúrù ṣàlàyé fún yín pé arìnrìn-àjò ni òun. Tùríìsì ni àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ńlá tó ń tò tẹ̀lé obìnrin kan tó na agboòrùn sókè kí wọ́n má baà sọnù. Òun kì í tò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún un: yà sí ọ̀tún, yà sí òsì, o ti dé.

Orúkọ tí mo fún un ni Ọ̀gbẹ́ni Awáparọ́rọ́, nítorí ibi tó pa rọ́rọ́ ló ń wá kiri ayé. Èyí tó wù ú jù ni ìlú kékeré kan nílẹ̀ Faransé tí òkúta ara ilé rẹ̀ ti gbó, tí ológbò ń sùn lójú fèrèsé, tí àwọn bàbá àgbà ń ju bọ́ọ̀lù irin lábẹ́ igi, tí kò sì sí àlejò kankan níbẹ̀ àfi òun nìkan. Bó bá fojú kan àlejò kejì, ìlú ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Les Plus Beaux Villages de France. Ìlú Collonges-la-Rouge ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982, iṣẹ́ wọn sì ni láti ṣa àwọn abúlé tó rẹwà jù jọ kí aráyé lè wá wò wọ́n. Awáparọ́rọ́ ra ìwé wọn, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ń lò ó: ibikíbi tó bá ti rí nínú ìwé náà, kò ní tẹ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbàgbé ara rẹ̀ tó lọ sí Saint-Cirq-Lapopie, abúlé orí àpáta tó wà lókè odò Lot, èyí tí àwọn Faransé dìbò yàn lọ́dún 2012 pé òun làwọn fẹ́ràn jù. Kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tó fi pàdé àwọn ọkùnrin mìíràn tó dé fìlà koríko bíi tirẹ̀, tí wọ́n mú ìwé aláwọ dúdú dání. Ó ṣẹ́rí padà. "Wọ́n ti ba ibí jẹ́," ló wí, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló tẹ abúlé náà dó.

Báyìí ló ṣe dé Figeac, létí odò Célé, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbẹ̀. Figeac kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Inú Ọ̀gbẹ́ni wa dùn, ó ní wọn kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Òfin ẹgbẹ́ náà ni kò gba ibi tí èèyàn ibẹ̀ bá lé ní 2,000, àwọn ará Figeac sì tó bí 10,000. Ní ti àlejò, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn onígbàgbọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Le Puy lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì ti ń gba àárín ìlú náà kọjá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀pá wọn kan òkúta títì ko, ko, ko, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Kò kà wọ́n sí àlejò. Ó kà wọ́n mọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ìlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí búrẹ́dì gígùn, ó ní kí wọ́n fún òun ní méjì. Obìnrin tó ń tajà wò ó, ó ní "Bonjour." Ọkùnrin yìí rò pé obìnrin náà kò gbọ́ ni, ó tún gbé ohùn sókè pé méjì. Obìnrin náà tún ní "Bonjour," ohùn tirẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró lẹ́yìn wọn lórí ìlà kò ní nílò ògbufọ̀. Ṣé èèyàn á já wọlé onílé láàárọ̀, kò ní béèrè bóyá wọ́n jí dáadáa, á wá ní kí wọ́n gbé àkàrà wá? Ní ìlú kékeré nílẹ̀ Faransé, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò kí ará ibẹ̀, kò tíì wọlé lójú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà Awáparọ́rọ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé àwọn ará ibí le díẹ̀, pé ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tàn nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán ló wá di wàhálà. Kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní London tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé àwọn Faransé mọ ayé jẹ, pé wọn kì í kánjú, pé bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, ayé dúró. Ó wá jókòó sílé oúnjẹ ní aago mẹ́ta. Wọ́n ní ilé ìdáná ti tì láti aago méjì. Ó ní kí ló fà á. Wọ́n ní ẹni tó ń se oúnjẹ náà ti lọ jẹ tirẹ̀. Ó bọ́ síta, ó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta wàràkàṣì, ó tì. Ó kan ti ẹni tó ń ta àwo, ó tì. Ọjọ́ Ajé ló bọ́ sí, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí rárá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó dúró láàárín títì, inú ń bí i gidi. Ìgbé ayé tí kò kánjú dára púpọ̀ lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá bá sáà ti ń kánjú.

Figeac yìí ni wọ́n bí Jean-François Champollion sí lọ́dún 1790, ọmọ bàbá kan tó ń ta ìwé. Òun ló kéde lọ́dún 1822 pé òun ti mọ bí a ṣe ń ka ìwé alákàwòrán àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọmọ ìlú yìí ka ohun tí gbogbo ayé kò lè kà. Awáparọ́rọ́ kò lè ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé àwọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ilé tí wọ́n bí Champollion sí ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Nítòsí rẹ̀ ni gbàgede kékeré kan wà, Place des Écritures, tí Joseph Kosuth, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi òkúta dúdú rẹpẹtẹ tẹ́ lọ́dún 1991: àwòkọ òkúta Rosetta ni, òkúta tó ran Champollion lọ́wọ́ láti mọ ìwé náà kà, tí wọ́n sọ di ràgàjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí èèyàn lè rìn lórí ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni wa dúró sí, lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì gan-an, tó ń na fóònù sókè láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òkúta Rosetta fúnra rẹ̀ wà ní British Museum láti ọdún 1802, ní London, níbi tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè gbé e dé láti ilé rẹ̀. Kò débẹ̀ rí. Ó ní àwọn tùríìsì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó wá ku oúnjẹ ìbílẹ̀, nítorí kì í jẹ ohun tí "gbogbo èèyàn" ń jẹ. Ó bẹ onílé oúnjẹ kan pé kó gbé ohun tí àwọn baba ńlá ìlú náà ń jẹ wá. Wọ́n gbé estofinado wá. Mo fẹ́ kí ẹ wo inú àwo náà dáadáa: ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gún, ẹyin, áyù, òróró wọ́núùtì, àti pańla gbígbẹ. Pańla tiwa yìí náà ni o, èyí tí àwọn Íbò ń pè ní okporoko, tí atẹ́gùn Nọ́wè gbẹ títí ó fi le koránkorán, tí wọ́n ń rẹ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó ṣeé fi eyín kàn. Òkun jìnnà sí agbègbè Figeac àti Decazeville, síbẹ̀ kò sí oúnjẹ tí wọ́n ń fi yangàn ní ìgbà òtútù níbẹ̀ tó èyí. Ìtàn wọn ni pé àwọn atukọ̀ odò Lot ló ń rà á bọ̀ láti Bordeaux, tí wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí omi lè máa rẹ ẹ́ bọ̀ wálé. Ìyá ọlọ́bẹ̀ kan láti Mushin á jókòó ti àwo yẹn, á sì béèrè ibi tí ata wà. Kò ní béèrè ohun tó jẹ́. Awáparọ́rọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn. Ó ní kò jọ oúnjẹ Faransé. Ó ní ṣé wọn kò ní ohun ìbílẹ̀ gidi ni.

Ọ̀rọ̀ tó sì ń tẹnu rẹ̀ bọ́ jù ni pé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbí. Ó máa ń mí kanlẹ̀ bó bá ti sọ ọ́ tán. Ní ẹ̀bá ìlú, ilé iṣẹ́ Ratier-Figeac ń ṣe abẹ̀bẹ̀ bàlúù, títí kan èyí tó ní ewé mẹ́jọ tó ń yí lára A400M, bàlúù akẹ́rù àwọn ológun. Ìgboro dá páropáro lọ́sàn-án nítorí pé àwọn tó ni ìgboro wà lẹ́nu iṣẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 1944, àwọn sójà Násì, ẹ̀ka SS tí wọ́n ń pè ní Das Reich, ya wọ ìlú náà, wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni ní Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ń jẹun alẹ́ lẹ́yìn àwọn fèrèsé tó ń yà ní fọ́tò. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń re ló yà ní fọ́tò jù. Ó ní kí wọ́n má kùn ún mọ́ láéláé. Ẹni tó ni ín ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí Toulouse, kò sì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2020 ìjọba Faransé gbé ètò kan kalẹ̀, Petites villes de demain, fún àwọn ìlú tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 20,000, torí pé irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ń kọ àwọn olórí ìlú lóminú: ilé òfo, ṣọ́ọ̀bù títì, dókítà tó ń fẹ̀yìn tì láìsí arọ́pò. Ọ̀gbẹ́ni wa ń fi owó tirẹ̀ rìn wá wo ohun tí wọ́n ń fi owó ìjọba lé lọ.

Kí ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí. Àwọn tiwa ti ń wọ ẹgbẹ́ Awáparọ́rọ́. Mo mọ irú wọn ní Peckham, àwọn tó ní ariwo òde ìnáwó ti sú àwọn, tí wọ́n lọ ń wá àlàáfíà láàárín òkúta àti ológbò. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n á ti pe ilé lórí fídíò, ní gbàgede, láìlo gbohùngbohùn etí: "Mọ́mì, ẹ wò ó, kò sí ariwo níbí RÁRÁ!" Mọ́mì ní Ìbàdàn á ní kó rọra, òun ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, Awáparọ́rọ́ dúró níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilé, ó rí i pé owó ilé òkúta kan níbẹ̀ kò tó owó gáréèjì ní London. Ojú ẹsẹ̀ ló ti ń tún ilé náà ṣe lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kó lè gbádùn ìdákẹ́jẹ́ tó fẹ́ rà, ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù. Ó lù ní wákàtí kan, ó lù ní èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, àkùkọ kan gbà á lẹ́nu agogo.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti wà ní ọ́fíìsì olórí ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí ó rántí kí wọn, ó ní "Bonjour," kó tó béèrè ẹni tó yẹ kí òun bá sọ ọ̀rọ̀ agogo àti àkùkọ. Ojú akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ ti rí irú rẹ̀. Ó sọ fún un nípa Maurice, àkùkọ kan ní erékùṣù Oléron, tí àwọn kan tó ní ilé ìsinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2019, adájọ́ ní kí Maurice máa kọ lọ. Ó sọ fún un pé lóṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n ṣòfin tó dáàbò bo ìró àti òórùn ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, àtàkùkọ, àtagogo, àtìgbẹ́ màlúù. Awáparọ́rọ́ dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá béèrè, lóhùn jẹ́jẹ́, bóyá ibì kan wà tó tún pa rọ́rọ́ ju ibí lọ.

Obìnrin náà ní Lozère ni, pé kò sí ẹ̀ka ilẹ̀ Faransé tí èèyàn ibẹ̀ kéré tó o. Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún un gàdàgbà gàdàgbà, ó ya àwòrán ọ̀nà sí ẹ̀yìn bébà náà, ó tilẹ̀ dìde sìn ín dé ìta.