Ìrókò Tó Ga ní Ọ̀kẹ́ Kìlómítà

“Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i.” Láti kékeré ni mo ti kórìíra òwe yìí. Ìpàdé ìlú ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́ bí idà. Ọ̀dọ́ kan á dìde, á fẹ́ béèrè ibi tí owó àdájọ wọlé sí, kò ní tíì la ẹnu tán tí àgbà kan á ti wúkọ́, tí yóò fi òwe náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré kan ló máa wá gbèjà àwọn àgbà.

Ìdógò ni mo ti rí i, níbi tí ọ̀nà rélùwéè tó yà ní Ifọ̀, tó gba Ìláròó kọjá, ti dópin. Àwọn onílé àdúgbò kan fẹ́ la gọ́tà nítorí omi òjò ń wọ yàrá. Wọn ò pe bíríkìlà, wọn ò pe sọ́fíyọ̀. Ọmọ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé ni wọ́n pè, nítorí ó ní ẹ̀rọ GPS tí wọ́n ń mú lọ́wọ́. Ó rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ń na ẹ̀rọ sókè bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń kọ gíga ilẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó tún ka ti ilé kan náà ní ìrọ̀lẹ́, ilé ti ga sí i ní mítà 9. Ó ní kò séwu, ó mú èyí tó wù ú. Nọ́ńbà náà sì ní pọ́íǹtì. Ta ló máa bá nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì jiyàn? Nílẹ̀ Yewa, ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ti dé òpin ìran. Ní ọjọ́ yẹn, ojú tó rí pọ́íǹtì ni.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ilé bàbá kan tó wà nínú kòtò ló ga jù ládùúgbò. Ẹ̀yìnkùlé bàbá ni kí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀, kó wá máa ṣàn lọ sókè. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbí. Láti òkè ọ̀hún ni òjò ti máa ń wá kí mi.” Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ayé ti lajú.”

Ẹ jẹ́ ká wo igi tí ọmọ náà gùn. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Ìrókò wo ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ ọwọ́ ń gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, ó ń ka bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Bó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù ṣì í kà, ó ti fi 300 mítà ṣìnà. Ní ti ibi tí èèyàn dúró sí, ó ń gbìyànjú: ní gbangba ìta, fóònù lásán lè ṣì í ní nǹkan bí mítà 5 péré. Gíga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Màlúù tí a fi okùn fà lápá ọ̀tún, tí a fà lápá òsì, tí a fà níwájú àti lẹ́yìn, kò ní ibi tó máa yà sí. Ṣùgbọ́n ní ti òkè àti ìsàlẹ̀, òkè nìkan ni gbogbo okùn ti wá. Sátẹ́láìtì tó wà ní òdìkejì ayé kò lè ràn wá lọ́wọ́, ilẹ̀ ló dí i lójú. Nítorí náà àṣìṣe gíga sábà máa ń tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí mẹ́ta àṣìṣe ibi ìdúró. Mítà 15 kì í ṣe ohun ìyanu. Gọ́tà tiwọn sì rèé, ìyàtọ̀ ìgbọ̀nwọ́ kan ló ń wá.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ojú òkun ni gbogbo wa rò. Rárá o. Ọsàn ńlá kan tó dán, tí wọ́n tẹ̀ lórí díẹ̀, tí wọ́n fi ìṣirò yà, tí wọ́n pè ní WGS 84, ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà láti ara rẹ̀. Òkun gan-an kò dán bẹ́ẹ̀. Ó wú níbì kan, ó jin níbòmíràn. Ní Èkó, ojú òkun fi ohun tó lé ní 20 mítà ga ju ara ọsàn náà lọ. Ẹni tó ti ẹsẹ̀ bọ omi létí òkun Èkó lè gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ pé orí ilé alájà mẹ́fà lòun wà. Ní gúúsù Íńdíà, òdìkejì ni: apẹja tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ á gbọ́ pé òun ti rì ní nǹkan bí 100 mítà. Ẹ̀rọ kan á yọ ìyàtọ̀ yìí kúrò kó tó sọ̀rọ̀, òmíràn ò ní yọ ọ́. Ẹ wá gbé fóònù méjì sórí tábìlì kan, kí ẹ máa wo ìjà.

Àwọn kan á ní tiwọn ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ wọn gíga. Ó dáa, bí wọ́n bá kọ́kọ́ tún un ṣe níbi tí wọ́n mọ gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, afẹ́fẹ́ máa ń wúwo ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á sì fúyẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó jí lójú oorun ọ̀sán, tábìlì yín ti lè gòkè ní nǹkan bí 20 mítà.

Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn GPS rú fún àwọn tí kì í ṣe ológun wọn, kí Ààrẹ Clinton tó ní kí wọ́n jáwọ́. Lónìí, àwa fúnra wa là ń mọ̀ọ́mọ̀ gba àṣìṣe tó ṣẹ́ kù gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ rélùwéè dé Ìdógò kí ẹnikẹ́ni tó rán sátẹ́láìtì kankan lọ sójú ọ̀run. Awò ni wọ́n fi wo ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá alámì, àti lébìrà tó di ọ̀pá mú nínú oòrùn. Láti ibi tí wọ́n mọ gíga rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n bọ̀, díẹ̀ díẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í gun òkè tó bá ga gàgà. Bíríkìlà tí kò mọ̀wé náà ní rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀. Á bu omi sí i. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì, ọgbọọgba ni.

Wọ́n la gọ́tà náà ṣá. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi sì gba inú rẹ̀ wá tààrà sí yàrá bàbá, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ọmọ wa sáré dé pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó dúró sínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó tún kà á: ilé bàbá ṣì ga jù. Bàbá wò ó títí, ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà jókòó sórí àga, bóyá òun náà á lè rí nǹkan.