Epo Tó Kù Nínú Rẹ̀ Ńkọ́?

Sọ́jí Ọlọ́kadà: Tíṣà! Ta ló tún bí yín nínú?

Tíṣà: Ìjọba ni. Wọ́n ní sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-2A àti 2B, ń bọ̀. Ṣé ìsinsìnyí ló yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ? NigComSat-1R tí wọ́n yìn láti Xichang ní Ṣáínà ní oṣù Kejìlá 2011, ọdún 15 ni wọ́n dá fún un. Ṣírò rẹ̀.

Sọ́jí: 2026. Àbí òun kọ́ ló já bọ́?

Tíṣà: Kò sí èyí tó já bọ́! NigComSat-1 ni iná tán nínú rẹ̀ lọ́dún 2008. 1R ló rọ́pò rẹ̀; epo inú 1R yìí ló wá ń tán lọ.

Sọ́jí: Ṣebí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbé e dé ojú ọ̀run, ó sì jókòó. Epo kí ló tún kù? Èmi tí mò ń gbé èrò lọ Ìjerò ni kí wọ́n fún lépo!

Tíṣà: Rọ́kẹ́ẹ̀tì ò gbé e dé àyè rẹ̀ lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ojú ọ̀nà tí kò rí róbótó ló jù ú sí: apá kan sún mọ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 200 kìlómítà, apá kejì ga ju 35,000 lọ. Ẹ́ńjìnnì sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Òkè téńté ló ti ń tan ẹ́ńjìnnì náà, kí ìsàlẹ̀ lè gòkè. Ibẹ̀ náà ló ti ń yí bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe dagun padà, torí pé eré rẹ̀ ti dínkù: ìsàlẹ̀, kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òkè, bíi 1.6. Ìwọ, ìgbà wo lo ń yí ọ̀kadà?

Sọ́jí: Ìgbà tí mo bá dẹwọ́ eré ni o! Ẹni tó bá fi eré yí i, gọ́tà ló ń lọ. Sátẹ́láìtì ti máàpù fóònù mi ńkọ́?

Tíṣà: GPS? 20,200 kìlómítà ló ga, ó sì fi dígírì 55 dagun sí ìlà agbedeméjì ayé, kí wọ́n lè rí i ní ìhà àríwá àti gúúsù. Irú ti GPS III, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ní 2018, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló ń gbé e débẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tún lè ṣìnà: ní oṣù Kẹjọ 2014, páìpù epo dì nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé sátẹ́láìtì ìtọ́sọ́nà Galileo méjì ti Yúróòpù, ó jù wọ́n sí ọ̀nà òdì. Epo inú wọn ni wọ́n fi tún ọ̀nà náà ṣe, síbẹ̀ wọn ò dé ibi tí wọ́n rán wọn.

Sọ́jí: Họ́wù! Epo ni ẹ̀mí wọn nìyẹn.

Tíṣà: Tiwa gan-an, oòrùn àti òṣùpá ń fà á kúrò lórí ìlà agbedeméjì ayé. Tí epo bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í dagun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 1R yìí ni ASECNA, àjọ ìrìnnà ojú òfuurufú kan ní Áfíríkà, lò nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú dán ìtọ́sọ́nà wò ní Lomé ní 2021. Ohun tí àwọn ará Tógò rí lò, àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́! Kí ìjọba sọ iye epo tí yóò kù nínú 2A lọ́jọ́ tó bá dé àyè rẹ̀.

Sọ́jí: Aṣòfin wa ń bọ̀ wálé ní Sátidé. Ṣé kí n bi í?

Tíṣà: Wá fi ọ̀kadà gbé mi. A jọ ń lọ ni.