Ẹ Bu Bíbélì Kún Un, Màmá

Ẹni tó bá ṣì ń pe phở ní "Indomie olówó" láàárín yín, kó dìde, kó lọ fọ ẹnu rẹ̀, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Fiẹtnám ní Old Kent Road lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ wo abọ́ tí wọ́n gbé síwájú yín, tẹ́ ẹ ní, "Ẹyin rẹ̀ dà?" Ẹyin, kẹ̀! Eegun màlúù tó ti ń hó lórí iná láti òru mọ́jú, tó ti tú gbogbo àṣírí inú mùdùnmúdùn rẹ̀ fún omi, ẹyin àti sàdíìnì lẹ wá ń bi í.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí gbogbo Peckham mọ̀ sí Alága (kò sẹ́gbẹ́ tó yàn án, ikùn rẹ̀ ló fi jẹ ẹ́) ti gbé iṣẹ́ kan fún ara wa. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó gba ilé oúnjẹ Fiẹtnám kan lọ, a ó jẹ, a ó sì dá ẹjọ́. A kì í fún wọn ní ìràwọ̀. Ata là ń fún wọn. Ata kan, ẹ máa kọjá lọ. Ata márùn-ún, ẹ mú ìyàwó dání. Iṣẹ́ náà kò rọrùn o. Ní 2013, àwọn olùwádìí ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Southwark, 240 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ wá ro ó wò: kí gbogbo wọn ka oore-ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní aago kan ààbọ̀, kí ebi ààwẹ̀ àti ebi ìwàásù pàdé lẹ́nu ọ̀nà, kí tábìlì inú ilé má sì ju méjìlá lọ. Ẹni tí pásítọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ràn "kókó mi kẹrin, mo sì ń parí lọ," ìdúró ló máa jẹun.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Alága wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó nawọ́ sókè, ó ní òun fẹ́ "fò." Mo wò ó. Ọkùnrin tí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ń bẹ̀ pé kó ṣe sùúrù, òun ló fẹ́ fò. Èmi tí mo gbọ́n jù ú lọ ní "fọ́," àfi bí ẹni pé abọ́ ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà mí kanlẹ̀, ó pè é fún wa: ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀, ó tún yọrí sókè, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ìyàwó ẹni bá gbọ́ pé a ti yá àbúrò wa lówó, tó ní, "Ẹ̀ẹ́n?" Àní ohùn ìbéèrè ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Mẹ́fà ni ohùn wọn, mẹ́ta péré ni tiwa, síbẹ̀ àwa la máa ń wú fùkẹ̀ bí òyìnbó bá sọ Bọ́lá di bọ́ọ̀lù.

Àmì ọ̀rọ̀ wọn tún kọ́ mi lọ́gbọ́n tí n kò béèrè. Ẹ wo ìwé oúnjẹ wọn: àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, òmíràn hu ìwo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alága rí bò, ó kà á. Ó rí gà, ó kà á. Màlúù ni bò, adìẹ ni gà, ohùn ìsàlẹ̀ wọn kò sì jìnnà sí tiwa. Orí rẹ̀ wú. Ìgbà tó wá rí ẹ àti ọ tó ní àmì kékeré lábẹ́, ó ní, "Ará Ọ̀yọ́ nìwọ̀nyí!" Irọ́ ni. Ohùn ni àmì abẹ́ yẹn ń sọ ní tiwọn. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Alexandre de Rhodes, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè wọn jáde ní Róòmù ní 1651. Àjàyí Crowther tẹ tiwa jáde ní Lọ́ńdọ̀n níbí ní 1843. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gba ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n gbà á, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn dórí bébà tí wọ́n fi ń ta ọbẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ó ń bẹ nínú yín tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo ti ra oko tuntun." Àna ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, bóyá ọkọ́ ni, bóyá ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Èyí tó kù, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Orúkọ phở yìí náà ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 2013. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ti lọ fi orúkọ "pho" sábẹ́ òfin bíi dúkìá tirẹ̀, ló bá kọ̀wé sí ilé oúnjẹ kékeré kan ní Brockley pé kó yọ ọ́ lára pátákó rẹ̀. Àfi bí ẹni tó ra orúkọ àmàlà, tó wá ní kí ìyá alámàlà àdúgbò máa pe tirẹ̀ ní "òkèlè dúdú." Àwọn èèyàn fi íntánẹ́ẹ̀tì na ilé iṣẹ́ náà débi pé ó jọ̀wọ́ orúkọ sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó la ogun Faransé kọjá, tó la ti Amẹ́ríkà kọjá, ṣé lẹ́tà lọ́yà ló máa bà á lẹ́rù?

Nígbà ogun Amẹ́ríkà yẹn gan-an, ẹran di góòlù ní Hanoi, ilé oúnjẹ ìjọba sì ń ta phở tí kò lẹ́ran rárá. Amẹ́ríkà náà ń fi ọkọ̀ òfurufú tí kò lẹ́nì kankan nínú ṣe amí lókè orí wọn. Làwọn ará Hanoi bá sọ ọbẹ̀ náà ní "phở tí kò ní awakọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá rántí ilé oúnjẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ẹ̀yin náà mọ ọbẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kó tó kúrò ní gáréèjì.

Ní ilé àkọ́kọ́ tá a lọ, awakọ̀ wà, ó kàn rù ni. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, a sọ̀ ní Hoxton, a bọ́ sí Kingsland Road, níbi tí ilé oúnjẹ Fiẹtnám tò sí bí ìsọ̀ aláṣọ. A wọ èyí tí mo sọ ní Ilé Àbẹ́là. Òkùnkùn ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, àbẹ́là kan lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí NEPA ṣe é. A sanwó ọkọ̀ òfurufú kúrò lábẹ́ NEPA o! Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan bi wá bóyá a ti jẹun níbẹ̀ rí, pé òun fẹ́ ṣàlàyé oúnjẹ wọn. Alága ní, "Ẹnu ni mo máa fi jẹ ẹ́, àbí wọ́n ti yí i padà?" Abọ́ dé. Ó fẹ̀ tó èyí tá a lè fi wẹ ọmọ ogójì ọjọ́, àmọ́ ẹran inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé Alága gbé ọ̀kan síwájú àbẹ́là, ó sì ń rí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Pọ́n-ùn 14. Àbẹ́là ò tíì yọ́ tó ìka kan tá a ti jẹ tán, ebi sì bá wa wọ ọkọ̀ padà sílé. Sùyà la fi parí ẹjọ́ náà. Ata kan, torí àlàyé yẹn.

Ilé Má-Pẹ́-Níbẹ̀ ni ìkejì, ní Old Kent Road. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọn kì í gba káàdì. Wọ́n á kó àjèjì jókòó tì ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á sì máa bá ẹ jẹun. Ṣíbí ò tíì kúrò lẹ́nu tí bébà owó fi ti dé. Mo gbọ́ arábìnrin kan tó ń ṣàròyé pé wọn ò bọ̀wọ̀ fún òun. Arábìnrin, ẹ̀ ń ṣeré ni. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ tò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú alámàlà, tí ìyá náà jágbe mọ́ yín pé, "Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, jàre!", tẹ́ ẹ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà"?

Omi ọbẹ̀ wọn ni mo ń torí rẹ̀ lọ. Ó mọ́ bí omi òjò, àmọ́ ẹ fi sẹ́nu: àlùbọ́sà àti atalẹ̀ tí wọ́n ti sun lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú, kànáfùrù, èèpo igi olóòórùn dídùn, èso kékeré kan tó rí bí ìràwọ̀. Wọ́n wá fi omi ẹja tí wọ́n ti fi iyọ̀ sin fún oṣù púpọ̀ ṣe irú rẹ̀. Ẹ ṣí ìgò omi ẹja yẹn nìkan, ilé á dà bí ọjọ́ tí ìyá àgbà dé láti abúlé. Ẹ má tí ì dimú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé irú wojúwojú gba Heathrow kọjá, tí ajá kọ́sítọ́ọ̀mù mọ orúkọ yín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Wọ́n tún gbé àwo ewé tútù wá. "Ṣé ewúrẹ́ ń bọ̀ ni?" Alága ló bèèrè. Ó já ọ̀kan, ó ra á lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹfinrin rèé!" Kò jìnnà, ọmọ ìyá ẹfinrin ni. Bí inú bá ń run yín lẹ ń ro tiwa mu; inú tí kò tíì run ni wọ́n ń fi tiwọn tọ́jú. Ará gúúsù Fiẹtnám ló ń kó ewé tó báyìí. Àríwá ni phở ti wá, Nam Định àti Hanoi ṣì ń du bíbí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pín ìlú sí méjì ní 1954, àwọn ará àríwá tó ṣí lọ sí gúúsù gbé ìkòkò dání, gúúsù sì da ewé, èéhù ẹ̀wà àti ọbẹ̀ dúdú aládùn sí i. Ogun parí ní 1975, ìkòkò tún gbéra, ó bá ọkọ̀ ojú omi sọdá. Títí dòní, bí ará Hanoi bá rí àwo ewé yẹn, á ní wọ́n ń fi bo àṣírí omi ọbẹ̀ tí kò dùn ni. Ẹ bi ará Ìjẹ̀bú léèrè ohun tó rò nípa gàárì ará Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má wọ léèsì funfun lọ. Fífà ni wọ́n ń fa phở, ìrù rẹ̀ a sì máa fì. Ata mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. À bá fún wọn ní mẹ́rin, wọ́n já abọ́ gbà lọ́wọ́ Alága nígbà tó ṣì ń lá a.

Ṣùgbọ́n Deptford! Bọ́ọ̀sì 53 ló gbé wa. Ilé kékeré, tábìlì mẹ́jọ, tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò, àti Màmá kan tó kúrú bí ìpọnbẹ̀ tó sì gbóná ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àwa nìkan la ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ lọ síbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ọjọ́ orí yín kí wọ́n tó pè yín: em fún àbúrò, anh fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bác fún ẹni tó ju bàbá ẹni lọ. Ọmọ Màmá tó ń gbé abọ́ kí Alága ní bác. Alága bi í kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Alága tó pa irun rẹ̀ láró láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ó wá yí sí mi: "Ṣé ó hàn ni?"

Ẹran ló dá a lóhùn. Lórí bébà, ẹ ó rí tái, ẹran tútù pupa tí omi gbígbóná ń sè lójú ẹni (Alága gbàdúrà sí tirẹ̀ kó tó jẹ ẹ́). Ẹ ó rí gân, iṣan. Ẹ ó sì rí sách. "Kí ni sách?" Màmá wọ kíṣìnì lọ, ó gbé e jáde ní tútù, ó ń ṣí i ní ewé-ewé bí ẹni tó ń wá Sáàmù. Ó fi ìka lu ìwé oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ wa: ìwé ni sách, ohun tó ń sọ nìyẹn. Alága dìde dúró. "Bíbélì! Màmá, Bíbélì là ń pe eléyìí ní Bódìjà!" Inú màlúù kan náà, èèyàn méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí ṣí i wò, àwọn méjèèjì ní ìwé ni. Àwa nìkan la wá sọ ọ́ di mímọ́. Létí, sách tún fẹ́ jọ ṣàkì, ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ ni ṣàkì. Ẹ má da táwẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ Bíbélì. "Ẹ bu Bíbélì kún un, Màmá." Ọkùnrin tó máa ń sùn ní gbogbo ẹ̀kọ́ Bíbélì jẹ ti Deptford láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni phở ní: kò mọ ata. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ata ẹ̀gbẹ́ abọ́ kì í ṣe ata inú ọbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ìyà tòótọ́, kó bèèrè bún bò Huế. Ìlú ọba wọn àtijọ́ ni Huế, wọ́n sì mọ ata jẹ níbẹ̀. Ewé tíì tí ìyá yín fi ń se àgbo ibà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin Alhájì, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́: ẹsẹ̀ tó ń léfòó níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ bókótó.

Alága ò dúró gbọ́. Ó ti yọ rọ́bà áásìkiriimù kan láti inú àpò agbádá. Ẹ ní irú rẹ̀ nínú fìríìsà, èyí tí àwọn ọmọ ti ṣí rí tí wọ́n sì sunkún. Ata díndín ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Màmá rí i. Mo ti ń wá ojú bàtà mi. Ó fi ṣíbí bù ú, ó lá a. Kò húkọ́. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó dé e, ó gbé e wọ kíṣìnì lọ, kò sì jáde mọ́ títí a fi sanwó.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Alága fi ṣọ̀fọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, rọ́bà náà ń dúró dè é lórí tábìlì. Wọn ò dá a padà lófìfo: ata tiwọn ló kún un dẹ́nu, ó pọ́n, ewé tíì gígé wà nínú rẹ̀, òróró sì dúró lórí rẹ̀ bíi ti ọbẹ̀ ọ̀fadà. Alága ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ṣíbí rò ó títí dé ìsàlẹ̀.

"Ata márùn-ún," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹran mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e wá."